Aago 7:30, 8:15, 8:45 tàbí 9:20: èwo ló yẹ ọmọ middle school?

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni ìwé ìbéèrè náà wọ orí fóònù mi, nígbà tí mo ń múra iṣẹ́ òru lọ́wọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ìwé lágbègbè wa ní Maryland níbí fẹ́ mọ aago tí àwa òbí fẹ́ kí middle school máa wọlé láàárọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n tò síbẹ̀: 7:30, 8:15, 8:45 àti 9:20. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi àmì sí i. Mo wò ó títí, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọmọ méjì ni mo bí. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó wà ní kíláàsì keje. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 8. Nọ́ọ̀sì ni mí: aago 7 alẹ́ ni mò ń wọṣẹ́, aago 7 àárọ̀ ni mò ń jáde, ó sì di nǹkan bí 7:45 kí n tó dé ilé. Bàbá wọn ló máa ń gbé àbúrò lọ síbi tí wọ́n ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀ kí ilé-ìwé tó ṣí, 7:10 sì ni wọ́n ń jáde. Kò sí ọ̀kan nínú aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò ní ni ẹnì kan nínú wa lára.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wádìí kí n tó dá wọn lóhùn. Mo kọ ohun tí mo rí síbí fún òbí tí wọ́n bi ní irú ìbéèrè yìí, àti fún ẹni tó ń wá ilé tuntun tó sì fẹ́ mọ irú aago ilé-ìwé tó yẹ kó wá lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sí ìkẹjọ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ń lọ láti 11 sí 14, tí à bá pè ní JSS ká ní ilé ni a wà.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Mo wo bí oorun ọmọ á ṣe pọ̀ tó. Mo wo bóyá ilẹ̀ á ti mọ́ nígbà tó bá ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo wo iṣẹ́ àwa òbí àti owó tí a óò san fún ẹni tó ń bá wa mójú tó ọmọ. Mo wo ohun tí aago náà máa fi ojú àwọn ọmọ kéékèèké rí. Mo sì wo bóyá aago náà á dúró, kí wọ́n má tún yí i padà lẹ́yìn tí a bá ti tò ayé wa tì í. Wọn ò wúwo bákan náà lójú mi. Oorun ló wúwo jù.

Ibi oorun yìí gan-an ni ìjà máa ń wà nínú ilé wa. Ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì gbà pé ìwà ọ̀lẹ ló wà lára ọmọ mi àgbà yìí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, aago márùn-ún ìdájí làwọn ti ń jí, àwọn á gbálẹ̀, àwọn á pọnmi, kí àwọn tó rìn lọ sílé-ìwé. Òótọ́ ni Màmá sọ. Mo wá bi wọ́n pé, “Màmá, aago mélòó lẹ máa ń sùn nígbà náà?” Wọ́n ní bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, tí wọ́n pa àlọ́ díẹ̀, tí wọ́n sì pa àtùpà, ó pẹ́ jù, aago mẹ́jọ. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí márùn-ún ìdájí, wákàtí mẹ́sàn-án ni. Màmá sùn dáadáa. Ọmọ-ọmọ wọn ni kò sùn.

Ohun tí àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà là sílẹ̀ ni pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12, ọmọ ọdún 13 sí 18 sì nílò 8 sí 10. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń bàlágà, aago inú ara rẹ̀ á sún sí ọwọ́ òru. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní melatonin, òun ni ọpọlọ fi ń pe oorun. Lára ọmọ tó ń bàlágà, èròjà yìí kì í tètè jáde mọ́. Ó lè fi wákàtí kan sí méjì pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó kéré lọ. Mary Carskadon, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Brown University, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí èyí. Nítorí náà, ọmọ tó ń sùn fọnfọn ní 8:30 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 9 lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì di aago 10 lọ́mọ ọdún 13, kó máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Fóònù ń dá kún un, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Àwa máa ń gba tirẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, gbígbà tí a gbà á kò mú oorun wá ní 9:05.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bó bá sùn ní aago 10, tí a sì jí i ní 5:50, kò pé wákàtí mẹ́jọ. Ọmọ ọdún 12 ni. Lójoojúmọ́ ni ó ń jẹ gbèsè oorun tó lé ní wákàtí kan, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ló ń yan aago

Kí n tó wádìí, mo rò pé ẹnì kan ló kàn jókòó sí ọ́fíìsì tó ní kí àwọn ọmọ máa wọlé ní 7:30. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì yẹ́lò kan ṣoṣo ló ń lọ yípo ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀ ní ọ̀pọ̀ agbègbè: ó á kó àwọn ọmọ ilé-ìwé kan lọ, ó á padà wá kó ti èkejì, ó á tún padà wá kó ti ẹ̀kẹta. Dẹ́rẹ́bà kan náà ni, epo ọkọ̀ kan náà ni. Bí gbogbo ilé-ìwé bá ní 8:30 làwọn fẹ́, bọ́ọ̀sì tí wọ́n nílò á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, bọ́ọ̀sì tuntun kan sì ju $100,000 lọ. Dẹ́rẹ́bà pàápàá ò tó, láti ìgbà kòrónà ni ọ̀pọ̀ agbègbè ti ń wá wọn kiri.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé aago tí ẹ bá gbé kúrò lórí ọmọ tiyín, orí ọmọ ẹlòmíì ló ń bọ́ sí. Ìlú Boston fojú rí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà to aago tuntun, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì MIT ló bá wọn ṣe é. Ó dára fún àwọn ọ̀dọ́ ní high school, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ara wọn ní 7:15. Àwọn òbí fariga. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ mú aago kan fún middle school, ẹ bi wọ́n pé: ta ni aago tó ṣẹ́kù máa já lé lọ́wọ́?

7:30: aago tí a wà lórí rẹ̀ báyìí

Fairfax County ní Virginia jẹ́ àpẹẹrẹ tó yé ènìyàn. Lọ́dún 2015 wọ́n mú high school kúrò ní 7:20, wọ́n gbé e lọ sí 8:00 àti 8:10. Middle school wọn ló wá kó sórí 7:30.

Àǹfààní rẹ̀ kò ṣòro rí. Òbí tó ń wọṣẹ́ ní aago 7 tàbí 8 lè rí ọmọ rẹ̀ jáde kí òun náà tó jáde, kò sì ní sanwó fún ẹni tó ń mójú tó o láàárọ̀. Ọmọ á ti jáde nílé-ìwé kó tó di 2:30, oòrùn ṣì wà lókè fún bọ́ọ̀lù gbígbá. Òun náà ló dúró jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé òbí àwọn ọmọ kékeré àti ti high school kì í bá ẹnikẹ́ni du ìpín yìí.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó ń ṣe. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síṣẹ́, èmi ni mò ń jí i. Mo á tan iná, mo á fa aṣọ ìbora, mo á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nínú oṣù Kìíní tó kọjá, mo bá a tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ kan ní ẹsẹ̀, èkejì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pa dé. Ó ti sùn padà níbi tó ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Búrẹ́dì tí mo dì fún un máa ń bá a padà wálé nínú báàgì. Bọ́ọ̀sì ń dé ní 6:50. Ní agbègbè Washington níbí, oòrùn kì í yọ kó tó di nǹkan bí 7:25 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Nínú òkùnkùn ni ọmọ ń dúró sí lẹ́bàá títì, nínú òtútù, iná mọ́tò ń kọ mànà lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti aago síwájú nínú oṣù Kẹta, òkùnkùn á tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí a ti rò pé ó ti tán.

Ní ti ẹ̀kọ́, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, Finley Edwards, yẹ èsì ìdánwò àwọn ọmọ middle school wò ní Wake County ní North Carolina, ó sì gbé e jáde lọ́dún 2012. Àwọn ilé-ìwé kan níbẹ̀ ń wọlé ní 7:30, àwọn mìíràn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ní a to ọgọ́rùn-ún ọmọ sórí ìlà, láti ẹni tó gbẹ́yìn títí dé ẹni tó ṣe ipò kìíní: bí ilé-ìwé bá fi wákàtí kan pẹ́ sí i, ọmọ kan á kọjá nǹkan bí ẹni méjì nínú ìṣirò. Ìyẹn lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ti ń ṣòro fún tẹ́lẹ̀ ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Tí ọmọ yín bá wà nínú àwọn wọ̀nyẹn, owó lẹ́sìn tẹ́ ẹ ń san fún ìṣirò àti aago 7:30 ń bá ara wọn jà.

8:15: ibi tí ọ̀pọ̀ máa bá ara wọn pàdé

Montgomery County níhìn-ín ní Maryland sún middle school láti 7:55 lọ sí 8:15 lọ́dún 2015. California lọ jìnnà ju ti agbègbè kan lọ: òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Gómìnà Gavin Newsom fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹwàá 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2022. Middle school kò gbọdọ̀ wọlé kó tó di aago 8:00, high school kò gbọdọ̀ wọlé kó tó di 8:30. Àwọn agbègbè ìgbèríko nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Lójú ẹni tó ń wọṣẹ́ ní aago 9, 8:15 rọrùn gan-an. Kò béèrè owó púpọ̀, ilẹ̀ á ti mọ́ tàbí kó máa mọ́ bọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì bá dé, ọmọ á sì jáde ní nǹkan bí aago 3. Oorun tó fi kún ti 7:30 tó ìṣẹ́jú 45 lórí ìwé, bí ọmọ ò bá fi pẹ́ kó tó sùn.

Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn ilé-ìwé kan ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí aago tó lù, wọ́n ń pè é ní “zero period”: orin, èdè àjèjì, ìṣirò àwọn tó ń sáré níwájú. Òfin California pàápàá kò dí i lọ́wọ́. Tí ọmọ yín bá ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ orin ilé-ìwé, aago 8:15 lè jẹ́ 7:20 lójú tirẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbà.

8:45: ti àwọn dókítà

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba lọ́dún 2014 pé kí middle school àti high school má ṣe wọlé kó tó di 8:30. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù láti kẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ ni Cherry Creek, lẹ́bàá Denver ní Colorado, torí pé wọ́n yí gbogbo rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí sì tẹ̀ lé wọn. High school kúrò ní 7:10, ó di 8:20. Middle school kúrò ní 8:00, ó di 8:50. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gba ipò àárọ̀: wọ́n kúrò ní 9:00 wá sí 8:00. Ẹ̀rù tó ń ba gbogbo wa ni pé bí a bá fún wọn láyè láàárọ̀, wọn á kàn máa pẹ́ sí i lálẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ middle school fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 29 sùn sí i lálaalẹ́. Oorun àwọn kéékèèké kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Èyí ló mú ọkàn mi balẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo kà, torí pé ọmọ mi kejì wà lára àwọn kéékèèké yẹn. Ẹ kíyè sí i pé 8:00 ni wọ́n fún àwọn kékeré ní Cherry Creek. 7:15 ni Boston fẹ́ fún wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ètò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti èyí tí wọ́n fà sẹ́yìn.

Ìnira 8:45 wà lọ́dọ̀ òbí. Tí ẹ bá ń jáde nílé ní 7:00, ta ló máa wà pẹ̀lú ọmọ títí bọ́ọ̀sì á fi dé ní 8:10? Ẹ lè fi ọmọ ọdún 13 tó gbọ́n sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ti 11 yàtọ̀. Owó àwọn tó ń tọ́jú ọmọ láàárọ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn míì kì í tilẹ̀ gba ọmọ middle school. Ẹ gbé owó oṣù kan wò kí ẹ tó fi àmì sí i.

9:20: ìpín tó gbẹ̀yìn

Àwọn agbègbè kan fún middle school ní ìyípo kẹta bọ́ọ̀sì. Oorun pọ̀ níbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ á jáde lẹ́yìn aago 4, nínú oṣù Kejìlá oòrùn sì ń wọ̀ kó tó di aago 5 lágbègbè wa. Bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ orin, ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọ̀sẹ̀, ilé-kéwú ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á há mọ́ ara wọn. Ọmọ tí kò sí àgbà nílé pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀ á wà lóun nìkan fún wákàtí méjì, á tún ní láti rántí jáde fúnra rẹ̀. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n ń pè láti ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò wá. Ọmọ ti wọṣọ tán, ó jókòó sídìí gémù, bọ́ọ̀sì ti kọjá lọ.

Ṣé aago náà á dúró?

Ẹ má kó ilé nítorí aago tí ìgbìmọ̀ kan lè fi ìbò alẹ́ kan yí padà. Òfin pàápàá ń yí. Florida ṣòfin lọ́dún 2023 pé tó bá fi máa di oṣù Keje 2026, kí middle school má wọlé kó tó di 8:00, kí high school má wọlé kó tó di 8:30. Lọ́dún 2025, kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n tún un ṣe: agbègbè tó bá ní òun ò lè ṣe é lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kó sì máa bá aago rẹ̀ àtijọ́ lọ. Bọ́ọ̀sì àti owó ló fà á níbẹ̀ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ yín ìgbà tí wọ́n yí aago gbẹ̀yìn, àti bóyá owó bọ́ọ̀sì ọdún tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀.

Aago ilé-ìwé nìkan kọ́ ló ń jí ọmọ, ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé ní Ìkòròdù ń jí ọmọ rẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ilé-ìwé tó sì ń lọ ní erékùṣù Èkó kì í wọlé kó tó di 7:45. Bí bọ́ọ̀sì ọmọ yín bá ń yípo fún wákàtí kan níhìn-ín, 8:15 rẹ̀ kò yàtọ̀ sí 7:30 ọmọ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé.

Ta ni kó mú èwo

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń kúrò nílé kó tó di aago 7, tí kò sí ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tó lè dúró, tí ọmọ sì ṣì jẹ́ 11, ẹ mú 8:15, kí ẹ sì wá ilé-ìwé tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá ìjẹun ní 7:30 fún àwọn tó bá tètè dé. Ẹ má ṣe padà sí 7:30 nítorí ìyẹn nìkan. Aago 7:30 tọ́ sí ọmọ tó jẹ́ pé ara rẹ̀ gan-an ló ń jí i láìsí ariwo, àwọn bẹ́ẹ̀ wà, àti ilé tí iṣẹ́ òbí kò ti fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ rárá.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ẹni tó ní ìyá tàbí ìyá ọkọ lọ́dọ̀, tàbí ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru dé bíi tèmi, kó mú 8:45. Bí ọmọ yín bá ti ń tòògbé ní kíláàsì, tí olùkọ́ ti kọ̀wé sí yín, ẹ mú un, kódà bó bá máa ná yín lówó díẹ̀. 9:20, ọmọ tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá tí àgbà sì wà nílé ni kó mú un; ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Tiwa nìyí. Lórí aago 7:30, mo ń dé ilé ní 7:45, ọmọ mi ti lọ, mo ń rí abọ́ rẹ̀ nínú síńkì. Bó bá di 8:45, a ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 rí ara wa kí bọ́ọ̀sì tó dé, mo sì lè wo bó ṣe ń jẹun. Mo fi àmì sí 8:45. Àyè kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ní kí á kọ ọ̀rọ̀ sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má gbé aago 7:30 wa fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.